Bí A Ṣe Ń Lo GV fún Àrùn Awọ Ara, àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Oògùn olómi elésè àlùkò tí àwọn ènìyàn ń pè ní GV, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún jẹ́ Gentian violet, kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta. Ó máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn láti Lafẹ́nwá títí dé Kútọ̀, owó rẹ̀ kò gani lára, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń fi hàn gbangba pé wọ́n ti fi nǹkan sí ojú egbò. Àwọ̀ yìí gan-an ni ó ń kó ìpayà bá mi jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Egbò tí a ti kùn máa ń jọ egbò tí a ti tọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ tí a kùn ún lè bo wíwú, pípọ́n àti ọyún tí ó yẹ kí ojú tètè rí. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí ó bá fẹ́ lo GV bí ó ti yẹ, ní ìwọ̀n tí ó tọ́, sí ojú egbò tí ó tọ́ sí, fún ọjọ́ díẹ̀ péré, kí ó sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí ìgò kékeré lè yanjú.

Aró tí ó di oògùn

Aró gidi ni GV. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1861, aṣọ ni wọ́n sì fẹ́ fi pa láró. Ní ọdún 1884, dókítà ọmọ ilẹ̀ Denmark kan tí ń jẹ́ Hans Christian Gram, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin nígbà náà, ṣàkíyèsí pé bí a bá da aró yìí sí ara kòkòrò àrùn, tí a sì fi ọtí ṣàn án, àwọn kòkòrò kan máa ń di àwọ̀ náà mú, àwọn mìíràn a sì jẹ́ kí ó ṣàn lọ. Títí di òní ni àwọn ilé àyẹ̀wò fi ń lo ọ̀nà yìí láti pín kòkòrò àrùn sí ọ̀wọ́ méjì. Nígbà tí ó di ọdún 1912, John Churchman ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tí ó ń di àwọ̀ mú wọ̀nyẹn náà ni aró yìí ń dá dúró jù lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún ẹni tí ó di ìgò GV mú nínú ilé rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń sọ irú egbò tí oògùn náà lè wò. Staphylococcus àti Streptococcus wà nínú ọ̀wọ́ tí ó ń di àwọ̀ mú, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì sábà máa ń fa oówo kéékèèké àti egbò wẹ́wẹ́ tí ń ṣe omi tí èépá rẹ̀ máa ń pọ́n bí oyin ní ara àwọn ọmọdé. GV máa ń wọ inú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tí kòkòrò náà fi ń bí irú rẹ̀, kò sì ní lè pọ̀ sí i mọ́. Ó tún lágbára lórí Candida, ìyẹn olú àìfojúrí tí ó ń fa èfu sí ẹnu ọmọ tuntun. Àwọn kòkòrò ọ̀wọ́ kejì ní ìbora kan lẹ́yìn ara wọn tí kì í jẹ́ kí aró náà wọlé dáadáa. Pseudomonas jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, òun ni a sì máa ń bá ní ojú egbò iná àti egbò ẹsẹ̀ tí ó ti pẹ́, tí ọyún rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, tí òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí a bá kun irú egbò bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, GV kò ní ran án.

Kò lè wo kúrúnà pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀dá kékeré tí ń gbẹ́ ihò sí abẹ́ awọ ni ó ń fà á, ó sì ní oògùn tirẹ̀ tí gbogbo ará ilé jọ ń lò lọ́jọ́ kan náà. Ní ti làpálàpá, oògùn ìpara bíi clotrimazole tàbí Whitfield dára jù ú lọ púpọ̀, èyí tí ó bá sì wà ní orí ọmọ nílò oògùn tí a ń gbé mì, èyí tí òṣìṣẹ́ ìlera ni yóò kọ ọ́.

Kí a tó ṣí ìgò

Iṣẹ́ tí ó ṣòro jù nínú gbogbo ìtọ́jú yìí ni wíwo egbò dáadáa kí a tó kùn ún, òun sì ni àwọn ènìyàn ń fò kọjá jù. Ẹ gbé ọmọ náà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà. Ní ara dúdú bíi tiwa, pípọ́n kì í tètè hàn, ó lè dà bí ẹni pé awọ náà dúdú sí i tàbí pé ó ń dán. Nítorí náà, ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé orí awọ tí ó yí egbò ká, kí ẹ sì fi wé ibòmíràn ní ara ọmọ náà kan náà: ṣé ó gbóná jù, ṣé ó le, ṣé ó ń dun ọmọ nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án? Bí wíwú bá wà, ẹ fi báírò fa ìlà yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Bí wíwú náà bá ti kọjá ìlà náà ní ọjọ́ kejì, ẹ ti ní ẹ̀rí tí kò sí àwọ̀ tí ó lè bò ó.

Egbò tí GV yẹ fún ni èyí tí ó kéré, tí kò jìn, tí ó wà ní ojú kan tàbí méjì, tí ẹni tí ó ní in kò sì ní ibà. Ẹ má ṣe lò ó fún egbò jíjìn, egbò iná, ibi tí ìṣó tàbí irin gún, ibi tí ajá gé jẹ, egbò ẹsẹ̀ tí kò san fún ìgbà pípẹ́, tàbí egbòkégbò ní ẹsẹ̀ ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ. Ibi tí ìṣó gún lè fa àrùn ipá, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó sì nílò. Egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè máa jẹra wọ inú láìdun ẹni tí ó ni ín. Bí a bá sì kun ẹran egbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, àwọ̀ náà lè wọ inú awọ kí ó sì wà níbẹ̀ títí láé gẹ́gẹ́ bí fínfín, pàápàá ní ojú. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ẹyinjú àti etí ojú pátápátá. Ní ojú abẹ́, àti ní àwọn ibi tí awọ ti ń lẹ̀ mọ́ra tí òógùn kì í gbẹ, èyí tí ó lágbára lè bó awọ.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí mo ti sọ. Bí eéwo wẹ́wẹ́ olọ́yún bá yọ sí ara rẹ̀, tàbí bí ìdodo rẹ̀ bá pọ́n tàbí tí ó ń ṣe ọyún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi oògùn tí a ń gbé mì ti GV lẹ́yìn, wọ́n sì ní kí a tún gbé ọmọ náà padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọjọ́ méjì. GV nìkan kò tó fún un, nítorí pé àrùn inú awọ ọmọ tuntun lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Fún ìwọ́ ọmọ tí kò ní àrùn kankan, jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí wọ́n ń fún àwọn ìyálọ́mọ ní àwọn ilé ìwòsàn wa ni kí ẹ lò bí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Ríra rẹ̀ àti pípò ó mọ́ omi

Ẹ ra èyí tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí, tí ìwé ara rẹ̀ sọ ìwọ̀n agbára rẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Èyí tí wọ́n bù sínú ìgò mìíràn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, nítorí pé kò sí bí ẹ óò ṣe mọ agbára rẹ̀, agbára rẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ṣi oògùn mìíràn mú pẹ̀lú: kóró potassium permanganate máa ń sọ omi di elésè àlùkò, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni, ìlò rẹ̀ yàtọ̀, kóró rẹ̀ tí kò yọ́ sì máa ń jó awọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun kan tí ó kan ìlú tiwa ju ìlú mìíràn lọ. Abẹ́òkúta ni ìlú àdìrẹ, ìyẹ̀fun aró kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni tí ó bá lè dé Ìtòkú. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé aró ni GV lè rò pé ìyẹ̀fun elésè àlùkò tí a pò mọ́ omi yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Aró aṣọ kò gba ìwẹ̀nùmọ́ tí ó yẹ oògùn, kò sẹ́ni tí ó wọn agbára rẹ̀ fún ara ènìyàn, èròjà mìíràn tí kò yẹ ara sì lè wà nínú rẹ̀. Sódà tí àwọn aláró ń pò mọ́ aró wọn máa ń jẹ awọ, bí ó bá sì ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ náà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí wọ́n máa wọ ìbọ̀wọ́. Bí ọwọ́ aláró bá bó tàbí tí ó dégbò, omi púpọ̀ ni kí ó fi ṣàn án, kí ó sinmi iṣẹ́, kí ó sì fi han nọ́ọ̀sì. Kí ó má ṣe fi GV lé e.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò fún awọ ara ọmọdé ni 0.5%. Èyí tí ó bá jẹ́ 1% lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, nítorí náà a ó fi omi là á. Ẹ se omi kí ó hó, kí ẹ dé e, kí ó sì tutù pátápátá. Ẹ ra síríǹjì tuntun tí kò ní abẹ́rẹ́, ẹ fa mílílítà 5 GV, ẹ fa mílílítà 5 omi náà, ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú ife kékeré tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀. Ó ti di 0.5%. Bí ẹ bá tún fi omi bíi tirẹ̀ là á, ó di 0.25%, ìyẹn èyí tí a ń lò fún ẹnu. Ẹ pò ìwọ̀nba tí ẹ óò lò lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì da èyí tí ó kù nù. Bí ìwé ara ìgò bá sọ pé ọtí wà nínú rẹ̀, yóò ta ojú egbò, kò sì yẹ fún ẹnu ọmọ rárá. Ẹ bi apòògùn léèrè èyí tí wọ́n fi omi ṣe.

Bí a ṣe ń kùn ún

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ní in. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tí ó lọ́ wọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú egbò. Bí èépá bá ti gbẹ mọ́ ọn, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ó tutù lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó lè rọ̀, kí ẹ wá rọra nù ún kúrò. Èyí tí kò bá tíì fẹ́ kúrò, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, orí èépá ni ó kun oògùn sí, abẹ́ èépá sì ni kòkòrò wà. Fífọ̀ yìí nìkan ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ẹ nù ún gbẹ pẹ̀lú aṣọ mímọ́ tí ẹlòmíràn kì yóò lò. Ẹ da GV díẹ̀ sínú ìdérí tàbí ife kékeré, ẹ má ṣe ti òwú bọ inú ìgò, nítorí pé èyí tí ó bá ti kan egbò lè kó àrùn bá gbogbo oògùn tí ó kù. Ẹ fi òwú tàbí igi olówú kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú egbò àti díẹ̀ ní etí rẹ̀. Kò sí èrè nínú kí ó ki. Èyí tí ó bá ki ló ń gún awọ. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ kí ẹ tó wọ aṣọ fún ọmọ, ẹ má fi nọ́ọ́lọ̀n tàbí pílásítà tí kò gba atẹ́gùn dé e mọ́lẹ̀. Ẹ tún ọwọ́ yín fọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, fún ọjọ́ márùn-ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fọ àwọ̀ náà bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí ẹ wo ìlà báírò, kí ẹ sì wo àwòrán inú fóònù. Bí ó bá ń dínkù, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá wà bí ó ti wà ní ọjọ́ kẹta, tàbí tí ó gbòòrò nígbàkígbà, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ọjọ́ márùn-ún bá pé tí ó ti san, ẹ gbé ìgò kúrò ní ibi tí ọwọ́ ọmọ lè dé, kúrò nínú oòrùn.

Aṣọ tí GV bá ti kàn, ó ṣòro kí ó tún mọ́, nítorí náà aṣọ àtijọ́ ni kí ẹ wọ̀ fún ọmọ. Èyí tí ó bá wà ní ara yóò lọ fúnra rẹ̀ bí awọ òkè ṣe ń paarọ̀. Mo bẹ yín, ẹnikẹ́ni má ṣe fi Jik tàbí omi ìfọṣọ alágbára kankan bó o kúrò lára ọmọ.

Èfu ẹnu ọmọ

Èyí tí ó bá jẹ́ wàrà lásán lórí ahọ́n ọmọ máa ń nù kúrò pẹ̀lú aṣọ tútù. Èfu kì í nù kúrò, bí a bá sì fi agbára nù ún, abẹ́ rẹ̀ a pọ́n, a sì ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Nystatin olómi ni ó dára jù níbi tí ó bá wà. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ní kí ẹ lo GV, 0.25% nìkan ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, fún ọjọ́ méje, kí ó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ we aṣọ rírọ̀ mímọ́ mọ́ ìka, ẹ tì í bọ omi oníyọ̀ díẹ̀, ẹ fi nu ẹnu ọmọ, kí ẹ tó fi òwú tí ó kan rin díẹ̀ kun ibi tí èfu wà. Ẹ má ṣe dà á sí i lẹ́nu. Èyí tí ó bá lágbára jù tàbí tí ó pẹ́ jù máa ń dá egbò sí ẹnu ọmọ, ọmọ náà kò sì ní lè mu ọmú mọ́, èyí tí ó burú ju èfu tí a ń wò lọ. Kí ìyá náà fi ọmú tirẹ̀ han nọ́ọ̀sì, nítorí pé àwọn méjèèjì lè máa kó o ran ara wọn.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ

Ó yẹ kí ènìyàn mọ èyí láìsí àsọdùn. Nígbà tí wọ́n ń fi GV sínú oúnjẹ eku fún ìgbà pípẹ́, ó fa jẹjẹrẹ sí wọn lára. Nítorí èyí, ìjọba Kánádà kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú wọn ní ọdún 2019, àjọ tí ó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kà á mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ẹ̀rí tí wọ́n rí wá láti ara ẹranko. Wọn kò tíì rí ẹ̀rí tí ó tó láti ara ènìyàn. Ìdájọ́ tèmi ni pé kí a máa lò ó fún ojú egbò kékeré àti ọjọ́ díẹ̀, kí a má sì sọ ọ́ di ohun tí a ń kun ọmọ ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ti yọ sí i lára. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a lè béèrè oògùn ìpara bíi mupirocin tàbí fusidic acid lọ́wọ́ dókítà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé GV ní àǹfààní kan tí kò ṣeé fojú rénà: ó ṣì ń pa àwọn Staphylococcus kan tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Bí a bá fi aró yìí wo ẹja nínú adágún, ó máa ń wà nínú ẹran ẹja náà fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ sì ti jẹ aró. Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò gbà á láyè fún ẹran tàbí ẹja jíjẹ.

Nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn

Bí GV bá ta sí ojú, ẹ fi omi mímọ́ tí ń ṣàn ṣàn án fún ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró kí ó kọ́kọ́ dun ọmọ. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ìka kàn án lọ́fun kí ó lè bì. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ mú ìgò náà dání lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè rí agbára rẹ̀.

Ibà, ìlà pupa tàbí dúdú tí ń ti ojú egbò gòkè, kókó ní abíyá tàbí ní ìtan, ìrora tí ó ju bí egbò ṣe tóbi lọ, àti ọmọ tí kò jẹun tàbí tí kò mu ọmú mọ́: bí ẹ bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ẹ lọ. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín ni ó yá jù. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà, Sacred Heart tí ó ti wà láti ọdún 1895 sì wà ní Láńtòrò. Ẹ má ṣe kun egbò náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ, kí dókítà lè rí i bí ó ti rí. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti fi sí i fún un, títí kan àgbo àti ìpara tí ìyá àgbà fún yín.

Lẹ́yìn tí egbò ti san pátápátá, ẹ ṣì fi ojú sí ọmọ náà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà. Streptococcus tí ó wà nínú awọ lè dá wàhálà sílẹ̀ fún kíndìnrín lẹ́yìn tí ojú egbò ti dí. Bí ojú ọmọ bá wú ní òwúrọ̀, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí kóòkì tàbí tí ó kéré ju ti àtẹ̀yìnwá, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì rántí sọ fún wọn pé ó ti ní egbò lára ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn.